Ẹnìkẹta Ọ̀nà Ọya

Ọ̀rẹ́ ò gba ẹlẹ́ta, ẹlẹ́jìméjì lọ̀rẹ́ gbà. Ta ni kò mọ òwe yìí? Àwọn ọmọbìnrin tó ń jà nítorí ọ̀rẹ́ ń pa á, tọkọtaya pàápàá ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n níbi tó ti ṣẹ̀, wọn á máa wo ojú ara wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Apẹja ni Ìgè àti Ọ̀kẹ́, abúlé kan náà létí òkun ni wọ́n ti dàgbà. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n búra níwájú gbogbo ará abúlé pé àwọn méjèèjì yóò fi ẹsẹ̀ rìn láti etí òkun títí dé etí odò Ọya, wọn yóò sì jùmọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó, ọmọ àti àwọ̀n ò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ìgbà tí ewú gba irùngbọ̀n wọn, tí àwọn èèyàn sì ti ń fi ìbúra náà ṣe yẹ̀yẹ́, ni wọ́n tó dìde.

Wọ́n rìn fún ọjọ́ mọ́kàndínlógójì. Ẹsẹ̀ Ìgè wú, èékánná Ọ̀kẹ́ méjì bọ́, síbẹ̀ wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ku ìrìn ọjọ́ kan, wọ́n jókòó jẹ iṣu sísun lábẹ́ igi òrí lọ́sàn-án gangan. Ìgè gbọ́ tí ẹsẹ̀ ẹnìkan dúró lẹ́yìn igi. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn tó fi sọ ohun tí ọmọlúàbí máa ń sọ:

"Ẹ wá bá wa jẹun o."

Gbogbo wa la mọ èsì rẹ̀. Ẹni tí a bá pè á ní kó gba ibi ire, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni yìí jáde wá, ó jókòó sí àárín wọn, ó sì jẹun.

Kò sí aburú kan lára rẹ̀ téèyàn lè tọ́ka sí. Ó kàn jẹ́ pé eruku ọ̀nà tó bo àwọn méjì yòókù kò kan ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, ó bá wọn dìde, àárín wọn ló sì ń rìn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ìgè pe Ọ̀kẹ́. Àlejò ló dáhùn, ohùn Ọ̀kẹ́ ló sì fi dáhùn. Ìgè wẹ̀yìn, ó rí Ọ̀kẹ́ tó ń la ẹnu, ṣùgbọ́n ohùn tó ń jáde kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ogójì, Ọya yọ sí wọn, ó fẹ̀, ó ń dán. Ìyá àgbà kan ń fọ aṣọ létí omi. Ó gbójú sókè.

"Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ mà rìn jìnnà o."

Ìgè wo ojú ìyá náà. Òun Ìgè àti àlejò ni ìyá náà ń wò. Ọ̀kẹ́ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ojú ìyá ń gba ara rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń wo ọ̀nà.

Àlejò na ọwọ́. "Wá, Ìgè, ká ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹni méjì lẹ búra pé yóò parí ìrìn yìí. Èmi ni ìkejì báyìí."

"Ọ̀kẹ́ ńkọ́?"

"Bí ẹsẹ̀ wa bá ti kan omi, kò sẹ́ni tí yóò rántí pé ẹnìkan ń jẹ́ Ọ̀kẹ́ rí. Ìwọ náà ò ní rántí. Kò ní dùn ọ́."

Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ló kù. Ẹ̀rù ba Ìgè, àánú ara rẹ̀ sì ṣe é, nítorí láti ìgbà èwe ni ọkàn rẹ̀ ti wà nínú omi yẹn. Ó kọ ẹ̀yìn sí odò. Ó di ọwọ́ Ọ̀kẹ́ mú, ọwọ́ náà tutù, kò sì wúwo, ó fà á padà sọ́nà òkun. Àlejò ń fi ohùn Ọ̀kẹ́ pè é lẹ́yìn, ó tún fi ohùn ìyá rẹ̀ tó ti kú pè é. Ìgè kò wẹ̀yìn títí ohùn náà fi dákẹ́. Lọ́jọ́ kẹta Ọ̀kẹ́ sín, ó ní ebi ń pa òun, ohùn rẹ̀ sì ti padà sí bó ṣe wà.

Ọ̀kẹ́ kò rántí àlejò kankan. Ohun tó rántí ni pé odò ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, tí Ìgè sì fà á padà, tí kò sì gbà kí àwọn tún lọ síbẹ̀ mọ́. Gbogbo abúlé fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ wọ́n ní Arìn-má-dé. Títí wọ́n fi kú, bí Ọ̀kẹ́ bá ti mu ẹmu díẹ̀, á na ìka sí ọ̀rẹ́ rẹ̀:

"Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, Ìgè! Kí ló ṣe ọ́?"

"Ọ̀rẹ́ ò gba ẹlẹ́ta," ni Ìgè máa ń fèsì, kò sì jẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Ọ̀kẹ́ á pòṣé, inú Ìgè á sì dùn pé ó ṣì ní ẹnu tó fi ń pòṣé.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti ṣẹ̀. Àwọn àgbà máa ń pa á nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ wọ àárín ẹni méjì tó mọwọ́ ara wọn, pàápàá bí onítọ̀hún bá jọ ẹni rere lójú, tí kò sì sẹ́ni tó lè sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Wọn ò ní ká má pe èèyàn wá jẹun o. Wọ́n ní bó bá jókòó tán, ká mọ ẹni tí a óò di ọwọ́ rẹ̀ mú.