Òrùka Inú Èérí Eyín

Ọkùnrin kan wà tí eyín máa ń dùn. Nígbàkúùgbà tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, yóò ra kápúsù oògùn apakòkòrò ẹyọ kan ní kẹ́míìsì, yóò tú u, yóò sì da lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ sí ihò eyín. Ìrora á rọlẹ̀, òun náà á gbàgbé. Ó máa ń fi àwọn tó ń lọ rí dókítà ṣe yẹ̀yẹ́.

Nínú èérí tó lẹ̀ mọ́ eyín rẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń gbé jẹ́jẹ́, wọn kò ṣe é ní ibi kankan. Oògùn náà ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n kì í tó láti pa wọ́n tán. Ọ̀kan nínú wọn ní òrùka tín-ín-rín kan nínú ara. Inú òrùka náà ni ọgbọ́n bí a ti ń bọ́ lọ́wọ́ oògùn wà. Kòkòrò yìí kì í ṣe ahun. Ó ṣe irú rẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀, tirẹ̀ kò sì torí ìyẹn dín. Aládùúgbò náà ṣe é fún ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi di olórùka.

Ọkùnrin yìí ní ọmọ-ọmọ kan, obìnrin, tí òun fẹ́ràn bí ẹyinjú ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ń jẹun, yóò kọ́kọ́ rún ẹran lẹ́nu ara rẹ̀ kí ó lè rọ̀, kó tó fi sí ọmọ lẹ́nu. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn olórùka bá ẹran náà lọ. Wọ́n pàdé kòkòrò burúkú kan ní ọ̀nà ọ̀fun ọmọ, wọ́n sì fún òun náà ní òrùka.

Nígbà tí kòkòrò burúkú náà gba ọ̀nà ọ̀fun dé etí ọmọ, tí etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún, oògùn tó yẹ kó wò ó kò ràn án. Wọ́n pààrọ̀ oògùn títí. Ọmọ yè, àmọ́ etí ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan mọ́. Bàbá àgbà béèrè lọ́wọ́ dókítà pé kòkòrò wo ló ṣe é.

Dókítà ní, “Bàbá, èyí tó ṣe é kò mọ bí a ti ń bọ́ lọ́wọ́ oògùn tẹ́lẹ̀. Àwọn kòkòrò ẹnu yín, tí kò ṣe yín ní nǹkan kan, ló kọ́ ọ.”

Láti ọjọ́ náà, apá òsì ọmọ ni bàbá máa ń jókòó sí.

Akínpẹ̀lú, ìwọ ni mo torí rẹ̀ sọ ìtàn yìí. O wá bá mi, o ní o ti jáwọ́ nínú pípo dáì, aró tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró, mọ́ epo pupa tí ò ń tà, pé àwọn ará ìsọ̀ kejì ló ń ṣe é báyìí, pé ọwọ́ tìrẹ mọ́. Mo gbà pé o ti jáwọ́, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ wọn? Kòkòrò kò lè gba òrùka tó ti fúnni padà. Ìwọ ní ẹsẹ̀, o ní ẹnu, o sì mọ ilé gbogbo wọn. Dìde nísinsìnyí, kí o lọ kan ilẹ̀kùn wọn.