Lọ́yà tó jókòó sórí afárá

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí gbogbo ọ̀nà tí mo ti rìn láyé kọ̀ mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Afárá Ṣóbándé kọjá rò pé olówó kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Rárá o. Lọ́yà ni.

Kí wọ́n tó kọ́ afárá yẹn, ìtì igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi dábùú odò ibẹ̀. Odùkọ̀yà ń gbé abúlé Ṣàgbọ̀n pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ẹfúnyẹlá. Ó ti pẹ́ kí bàbá wọn tó kú tó ti pín oko obì rẹ̀ fún àwọn méjèèjì, ó fi pèrègún pààlà. Ṣùgbọ́n kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ààlà ti kúrò níbi tó wà, ó ti gba igi obì mọ́kànlá lọ́wọ́ Ẹfúnyẹlá.

"Pèrègún kì í lẹ́sẹ̀," ni obìnrin náà wí. Ó gba ìlú lọ, ó gba lọ́yà.

Ṣóbándé wá wo oko náà fúnra rẹ̀. Ó fa pèrègún kan tu, ó yẹ gbòǹgbò rẹ̀ wò, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ sí àpò.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, odò kún. Gbogbo wọn, àti Ṣóbándé, pàdé létí omi láti sọdá lọ sí kóòtù, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò kí ara wọn. Ẹfúnyẹlá ló kọ́kọ́ gun igi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀.

"Bọ̀dá mi o!"

Kó tó pè é tán, Odùkọ̀yà ti bẹ́ sómi. Ó wọ́ ọ gòkè, ó sì ń bú u: "Olóríkunkun! Ta ló ní kí o wọ bàtà gun igi? Ṣé kí ó wá ku èmi nìkan nínú ọmọ ìyá wa ni?"

Ni Ṣóbándé bá jókòó sórí igi, ó dí ọ̀nà.

"Lọ́yà, ẹ dìde, adájọ́ ń retí wa," ni Ẹfúnyẹlá wí.

"N ò dìde." Ó yọ pèrègún jáde. "Odùkọ̀yà, gbòǹgbò ọdún kan rèé, kì í ṣe ti bàbá yín. Bí mo bá fi han adájọ́, a jàre, ìwọ sì di elékèé. Bí àbúrò rẹ bá tún já sómi lọ́la, ta ni yóò ké pè?"

Odùkọ̀yà dorí kodò. "Èmi ni mo gbìn ín, sà. Wọ́n ní obìnrin kì í jogún ilẹ̀, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Màá hú u lónìí."

"Àti igi mọ́kànlá mi?"

"Mú méjìlá, ẹlẹ́nu yìí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí dé ilé. Nígbà tí ìjọba wá kọ́ afárá gidi síbẹ̀, àwọn ará Ṣàgbọ̀n ò gbà kó jẹ́ orúkọ mìíràn.

Nígbà tí àìsàn dá Ṣóbándé dùbúlẹ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò jọ lọ kí i. Ẹfúnyẹlá bi í pé kí ló dé tó fi ẹjọ́ tí wọn ì bá ti jàre sílẹ̀.

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," ló wí. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.