Ẹni Tó Dáhùn Fún Ẹni Tí Kò Tíì Sọ̀rọ̀

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà. Ìbídàpọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó mọ iṣẹ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta fún un, ọjọ́ kejì ni yóò ti parí rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ wọn ń ṣe ètò tí ń ṣọ́ odò. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan tó wà létí odò kan, wọ́n ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ nínú omi láti máa wo bí omi ṣe ga tó. Bí omi bá ga dé iye kan, fèrè ńlá kan á dún lórí òpó, kí gbogbo ẹni tó wà nínú odò lè sá jáde. Iye yẹn kò dọ́gba láti abúlé dé abúlé. Níbi tí ilẹ̀ ti ga, omi lè kún tó mítà mẹ́rin kó tó di ewu. Ní Ẹ̀bá-Odò, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́, tí àwọn awayanrìn máa ń dúró sínú omi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, mítà méjì ni fèrè gbọ́dọ̀ ti dún. Nítorí náà abúlé kọ̀ọ̀kan ní ètò tirẹ̀, ètò kọ̀ọ̀kan sì ní fáìlì kékeré kan tí wọ́n kọ iye tirẹ̀ sí.

Kí irú ètò bẹ́ẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́, irinṣẹ́ kan wà tó máa ń ka fáìlì rẹ̀, tó ń kó gbogbo ègé rẹ̀ jọ, tó sì ń so wọ́n pọ̀ di odindi. Irinṣẹ́ náà gba àfikún: èèyàn lè kọ ètò kékeré kan fi sínú rẹ̀, kó máa bá a ṣe ohun tí kò lè dá ṣe. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún Ìbídàpọ̀ nìyẹn. Kí ó kọ àfikún tí yóò bi ètò abúlé kọ̀ọ̀kan pé mélòó ni iye tirẹ̀, kí ó sì mú èsì náà lọ fún fèrè.

Ó kọ ọ́. Nígbà tó dán an wò, òfo ni èsì tó ń bọ̀. Kì í ṣe pé àwọn ètò náà kò ní iye. Àfikún rẹ̀ ló yára béèrè. Irinṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe orúkọ àwọn ètò ni, kò tíì ka fáìlì wọn.

Obìnrin kan wà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà. Ó dàgbà jù ú lọ, ó sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Ó wo ohun tí Ìbídàpọ̀ kọ.

Ó ní, "Jẹ́ kí ètò sọ tẹnu rẹ̀ tán kí o tó bi í. Irinṣẹ́ yìí ní ibi tí èèyàn ti ń dúró dè é."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n màá ní láti tú gbogbo rẹ̀ ká, ọ̀la ni wọ́n sì fẹ́ gbà á. Bí èsì bá ṣófo, màá fi mẹ́rin sí i. Mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò."

Obìnrin náà ní, "Ó kéré tán, jẹ́ kó máa kọ ìkìlọ̀ sójú kọ̀ǹpútà tó bá ti fi mẹ́rin sí i. Ẹni tó bá rí i á lè fọwọ́ tún un ṣe."

Ìbídàpọ̀ gbà. Ṣùgbọ́n kò kọ ìkìlọ̀ yẹn fúnra rẹ̀. Ó rí ègé kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àfikún tí òṣìṣẹ́ mìíràn kọ, ó sì ní kí tòun máa lọ lò ó níbẹ̀. Ó yẹ kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbára lé e, kí irinṣẹ́ lè mọ̀, kí ẹni tó ni ègé náà sì mọ̀. Kò kọ ọ́. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ sínú àfikún rẹ̀ pé bí ègé náà kò bá sí, kí iṣẹ́ ṣáà máa lọ.

Fún oṣù méje, nǹkan ń lọ bẹ́ẹ̀. Ìkìlọ̀ á jáde, òṣìṣẹ́ kan á fọwọ́ kọ iye tó yẹ. Ìbídàpọ̀ ń sọ pé òun á padà sídìí rẹ̀. Kò padà.

Lẹ́yìn oṣù méje, ẹni tó ni ègé yẹn ń tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó wò ó bóyá ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ń lò ó. Kò rí orúkọ kankan. Ó yọ ọ́ kúrò. Láti ọjọ́ náà, ìkìlọ̀ kò jáde mọ́. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún ètò Ẹ̀bá-Odò kó jọ. Mẹ́rin ló wọ inú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó máa ń fọwọ́ tún un ṣe kò rí ìkìlọ̀, ó rò pé Ìbídàpọ̀ ti wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n fi ránṣẹ́.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, oòrùn ń ràn ní Ẹ̀bá-Odò. Òkè odò ni òjò ti rọ̀. Awayanrìn mọ́kànlá ló wà nínú omi. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn rí i pé àwọ̀ omi ti yí padà, ó ní kí wọ́n jáde. Àwọn kan ní fèrè kò tíì dún, kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ kan tó kù kún. Omi ga dé mítà méjì, ó kọjá mẹ́ta. Kò dé mẹ́rin. Fèrè kò dún rárá. Ẹni mẹ́jọ jáde. Wọ́n rí òkú ẹni méjì níbi tí odò ti yà. Ẹni kẹta, títí di òní, wọn kò rí i.

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé omi ya lójijì. Kò sí ẹni tó bi Ìbídàpọ̀ ní nǹkan kan. Òun ló lọ ṣí fáìlì Ẹ̀bá-Odò fúnra rẹ̀. Méjì ló wà níbẹ̀, kedere, bí àwọn ará abúlé ṣe sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pe obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá wò ó. Obìnrin náà kà á, ó jókòó.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Kò tíì sí."

"Lọ sọ."

Ó sọ fún ọ̀gá. Ó tún àfikún náà ṣe fún gbogbo abúlé, kò sì gbà á ju wákàtí kan lọ. Lẹ́yìn náà ó wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀bá-Odò, sí ilé ẹni tí wọn kò rí. Ìyàwó ọkùnrin náà gbé àga fún un, ó bu omi fún un. Kò lè mu ún.

Ó ní, "Ìyá, èmi ni mo kọ ohun tó yẹ kó mú fèrè yẹn dún. Mo fi iye tí kì í ṣe tiyín sí i."

"Ẹ ò bi wá ni?"

"Ẹ ti sọ ọ́. Mi ò dúró gbọ́ ni."

Obìnrin náà ní, "Wọ́n sọ fún bàbá àwọn ọmọ mi pé kó jáde. Ó ní ẹ̀yin lẹ ṣèlérí pé ẹ ó pe àwọn."

Kò ṣépè. Kò sì sọ pé òun dárí jì í. Ó dìde, ó wọlé. Ìbídàpọ̀ jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ẹnikẹ́ni kò jáde sí i.

Adélékè, ìwọ náà ń kọ ètò bíi tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fi í ṣe àkàwé fún ọ. Ní àárọ̀ yìí, dókítà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá rẹ, ó bi í bóyá kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti bàjẹ́. Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ojú ni. Ìwọ lo dáhùn. O ní kí wọ́n gé e, pé àbúrò rẹ obìnrin ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Mo bi àbúrò rẹ nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé èsì tí o fún wọn náà ni ìyá rẹ yóò fún wọn. N kò mọ̀. Ìwọ náà kò mọ̀. Pe àbúrò rẹ, kí ẹ jọ wọlé. Kí ẹ bi ìyá yín, kí ẹ sì jókòó. Ọ̀rọ̀ ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀ báyìí. Ẹ dúró dè é.