Òpó Tí Kò Hù
Ọ̀gá Ládiípọ̀ kọ́lékọ́lé fẹ́ gba àga iṣẹ́ lọ́wọ́ Mojírọlá akọ̀wé rẹ̀ fún Fọlárìn, ọkọ ọmọbìnrin Ọ̀gá, tó jẹ́ fóómànù ní ọ̀kan nínú àwọn sáìtì ilé tí Ọ̀gá ń kọ́. Ó gbé iyán ọ̀sán síwájú, ó ní, "Kí n tó jẹ èyí tán, ya àwòrán olópòó tó ń fi iye búlọ́ọ̀kù tí sáìtì kọ̀ọ̀kan tò láàárọ̀ yìí hàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó ẹrù ẹ." Mojírọlá ṣí ojú ìwé ìṣirò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ṣètò rẹ̀ kí ó máa ro iye tó bá wọlé pọ̀ ní sáìtì-sáìtì, kí ó sì fi ya òpó kan fún sáìtì kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo fóómànù pé kí kálukú tẹ iye tirẹ̀ síbẹ̀, ó wá káwọ́ gbera. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ó ti sú ẹ nìyẹn?" "Ẹ máa jẹun yín, sà." Kò pẹ́, òpó kan hù lójú kọ̀ǹpútà, òmíràn hù tẹ̀ lé e, wọ́n ń ga bí ìgbà tí bíríkìlà ń mọ ògiri, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan nǹkan kan nínú yàrá náà. Òkèlè dúró sí Ọ̀gá lọ́wọ́. "Ta ló ń yà á?" "Àwọn fóómànù yín ni, sà." "Ibi tó ṣófo yìí ńkọ́?" "Ti Fọlárìn nìyẹn, sà." Ọ̀gá pe fóònù Fọlárìn, ọmọbìnrin Ọ̀gá, ìyàwó Fọlárìn, ló gbé e. "Bàbá, ó ṣì ń sùn." Ọ̀gá dá òkèlè padà sínú abọ́. "Mojírọlá," ó ní, "sún àga ẹ mọ́ bí, kí n lè rí àwòrán ẹ dáadáa."