Kẹ̀kẹ́ Ẹrù Késíà àti Kànga Ìlú Elimu

Oṣù mẹ́rin gbáko ni òjò kò fi kan ilẹ̀ Elimu, láàárín pápá Káńsáàsì. Odò kékeré tí wọ́n ń pọn gbẹ títí ó fi ku ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà sì sán. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n sin láàárín oṣù kan ṣoṣo. Ibi tí omi wà tó sún mọ́ wọn jù, ìrìn máìlì mẹ́wàá ni, àwọn ìbaaka tó ń ru omi náà sì ti ń ṣubú sójú ọ̀nà. Inú èmi tí mò ń kọ ìtàn yìí kì í dùn bí mo bá dé ibi yìí, nítorí àwọn tí òùngbẹ ń pa wọ̀nyí ti jìyà tó tẹ́lẹ̀. Ẹrú ni wọ́n ní oko òwú Misisípì kí ogun tó dá wọn sílẹ̀. Nígbà tí àwọn olówó wọn àtijọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn àti okùn lé wọn kiri, ìdílé mọ́kànlélógún di ẹrù wọn, wọ́n forí lé ilẹ̀ tí igi kò ti hù, wọ́n gbẹ́ ilé sínú ilẹ̀ bí òkété, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Elimu, bí ibi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti rí kànga méjìlá nínú aginjù. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀: Elimu tiwọn kò ní kànga kan ṣoṣo.

Kì í ṣe pé wọn kò gbẹ́ ẹ. Wọ́n gbẹ́ ẹ bí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ nílé, àṣìṣe wọn sì nìyẹn. Ní Misisípì, amọ̀ ni ilẹ̀. Bí kòtò bá ti jìn tó ìdúró ọkùnrin méjì, omi ti dé, ògiri rẹ̀ a sì dúró fúnra rẹ̀. Ní Káńsáàsì, òkè ilẹ̀ le, ṣùgbọ́n iyanrìn ló wà ní ìsàlẹ̀, lórí omi gan-an. Kànga àkọ́kọ́ wó nígbà tí kò sí ẹnì kan nínú rẹ̀. Èkejì wó lu àwọn ọmọ ìyá méjì, Ásà àti Jóẹ́lì. Ibẹ̀ náà ni sàárè wọn, nítorí kò sẹ́ni tó lè hú wọn jáde. Láti ìgbà náà ni gbogbo ìlú ti mọ̀ pé àfi kí wọ́n fi pákó dá iyanrìn dúró. Pákó gidi kan ṣoṣo tó sì wà ní Elimu, ti kẹ̀kẹ́ ẹrù Késíà ni.

Késíà, aya Obadáyà káfíńtà, akúrú-má-ṣeé-tẹ̀! Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí, Lúsíńdà, tí wọ́n tà sí Tẹ́sáàsì nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pẹ̀lú àpá iná lápá òsì rẹ̀. Torí àtiwá ọmọ yìí ni Obadáyà ṣe kan kẹ̀kẹ́ náà. Kò lo ìṣó. Pákó wọnú pákó ni, ó sì fi ọ̀bẹ sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, Késíà ń bá a dì wọ́n mú. Ibà pa Obadáyà ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ wọn ní Elimu. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó sọ ni pé, “Má jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yìí bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọmọ wa ni.” Ní ọdún ọ̀dá yìí gan-an ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ oníwàásù kan ní Tẹ́sáàsì, tí wọ́n ti bá Késíà kọ̀wé sí: alágbàfọ̀ kan wà lọ́dọ̀ wọn tí àpá iná wà lápá òsì rẹ̀, Lúsíńdà sì ni orúkọ rẹ̀. Késíà ní kí wọ́n bá òun fèsì pé òun yóò dé kí ìkórè tó parí. Ó ti ká aṣọ ọmọdé kan sínú kẹ̀kẹ́ náà, bí ẹni pé Lúsíńdà ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Alàgbà Títù, tó jẹ́ olórí ìlú, kó gbogbo wọn jọ. Ó ní, “Ẹ̀yin ará mi, mo ti sin ọmọ tó. Ẹ jẹ́ ká padà sí Misisípì. Bí wọ́n bá máa pa wá níbẹ̀, kí wọ́n pa wá pẹ̀lú omi lẹ́nu.” Gbogbo wọn mọ ibi tí pákó wà, gbogbo wọn sì wolẹ̀. Késíà bá dìde.

“Ẹ gbójú sókè,” ló wí. “Kẹ̀kẹ́ mi ni ẹ kò fẹ́ wò. Oṣù kan ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí òjò rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Òjò kò rọ̀. Nínú àwọn mẹ́rin tí a sin, èmi ni mo gbẹ̀bí méjì, mo sì mọ̀ pé pákó wà lẹ́yìn ilé mi. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, ẹ dárí rẹ̀ jì mí. Ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, ipá ni wọ́n fi gbà á. Ti òní yìí, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ẹ mú okùn wá.”

“Arábìnrin Késíà,” Alàgbà Títù ní, “Lúsíńdà ńkọ́?”

“Lúsíńdà ti dàgbà, ó lè pọn omi fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò lè ṣe é. Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o. Bí ẹ bá dúpẹ́, ọwọ́ mi á rọ.”

Òun fúnra rẹ̀ ló tú kẹ̀kẹ́ náà, nítorí òun nìkan ló mọ àmì ọkọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin gbẹ́ kànga kẹta dé ibi iyanrìn, wọ́n fi okùn sọ Késíà kalẹ̀ sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ díẹ̀, ó máa ń to pákó yí ògiri ká, ọ̀kan wọnú èkejì. Àwọn tó wà lókè ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń bá òkú ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀: “Obadáyà, èyí tó ní àmì mẹ́ta ló kàn.” Ní ọjọ́ kọkànlá, pákó ìkẹyìn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí omi bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn hó yèè lókè. Késíà jókòó sínú omi náà, ó ń sunkún.

Omi tútù yẹn ló ba orúnkún rẹ̀ jẹ́. Kò lè rìn jìnnà mọ́ láyé. Wọ́n bá a kọ̀wé sí Tẹ́sáàsì pé kí Lúsíńdà ní sùúrù, tàbí kí ó máa bọ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà pẹ́ lọ́nà. Èsì oníwàásù ni pé Lúsíńdà dúró títí ìkórè fi parí, pé ó máa ń jáde sójú ọ̀nà lójoojúmọ́, pé nígbà tí òtútù dé, ó gbà pé ìyá òun ti kú, ó sì bá àwọn kan lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n gbà. Késíà ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń jókòó sẹ́nu kànga. Àlejò tó bá fẹ́ mu omi, ó máa ń kọ́kọ́ bi í pé, “Kí ni orúkọ ìyá rẹ?” Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan tó ń lọ síhà ìwọ̀ oòrùn dáhùn pé, “N kò mọ̀ ọ́n, Mà. Wọ́n ti tà mí kí n tó gbọ́n.” Késíà gbé apá òsì obìnrin náà wò. Àpá kankan kò sí níbẹ̀. Ó bu omi fún un, ó ní, “Késíà ni. Mu omi, ọmọ mi.”

Ọdún mẹ́rìnlá ló fi jókòó níbẹ̀, Lúsíńdà kò wá. Nígbà tí Késíà kú, wọ́n ká aṣọ ọmọdé náà sí i lọ́wọ́, wọ́n sì sin ín sítòsí kànga. Àwọn ará Elimu kò yéé béèrè ìbéèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àlejò. Bí àlejò bá sì ní òun kò mọ orúkọ ìyá òun, ẹni yòówù tó bá ń fa omi lọ́wọ́, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, a dá a lóhùn pé, “Késíà ni. Mu omi.”