Ehoro Gba Ọkọ̀ Ẹ̀fọ́ Lọ́wọ́ Àkèré

Àlọ́ o!

Àlọ̀.

Ẹ dáhùn kó dún. Láti àárọ̀ ni mo ti ń polówó ọjà, mi ò ní ohùn tí màá fi pè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ehoro ni àlọ́ mi ń bá wí, òun àti Àkèré.

Ní ìgbà kan rí, òjò kọ̀, kò rọ̀. Ilẹ̀ le koko. Odò gbẹ débi pé ọkọ̀ ojú omi kan jókòó sórí iyanrìn, kò sí ẹni tó ń wà á. Erin wọ́ ọkọ̀ náà wálé, ó gbé e fún Àkèré. Opó ni Àkèré, ọmọ sì pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Erin ní, "Fi ṣe nǹkan kan, kí o máa fún mi níbẹ̀."

Àkèré gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi ọ̀dán, ó ri ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ títí dé ẹnu, kó lè máa tutù. Ó pọn omi sí i. Ó fi koríko hun àtẹ bo ẹnu rẹ̀, ó wá ki èhù tẹ̀tẹ̀ bọ ihò àtẹ náà. Ewé wà lókè, gbòǹgbò wà nínú omi. Kò sí erùpẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ó rẹ ìgbẹ́ ewúrẹ́ pẹ̀lú eérú sínú ìkòkò, ó sẹ́ ẹ, ó ń bu díẹ̀díẹ̀ sínú omi ọkọ̀. Oúnjẹ ẹ̀fọ́ nìyẹn. Tí oòrùn bá mú, á fi ikùn kan omi náà wò. Tó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, á lọ pọn omi kànga sí i, omi lásán. Iṣẹ́ náà kò ní ìsinmi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹun.

Ehoro wò ó títí, ọ̀fun rẹ̀ ń dá tòló. Ó lọ bá Erin.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Ṣé ewé tí Àkèré ń gbé wá yìí ń yó yín?"

"Kò dé ọ̀nà ọ̀fun mi."

"Ahun ni obìnrin yẹn. Ó fi ẹ̀fọ́ yín pamọ́ sábẹ́ igi, kò jẹ́ kí oòrùn rí i. Oúnjẹ tó yẹ kó fún un, ó ń kán an bí oògùn ojú. Ẹ gba ọkọ̀ yẹn fún mi. Màá gbé e sójú oòrùn, màá bọ́ ọ yó. Kí oṣù yìí tó kú, ẹ̀fọ́ á ga tó etí yín."

Erin gbà. Wọ́n wú ọkọ̀ kúrò nílẹ̀ lójú Àkèré.

Àkèré ní, "Ehoro, ṣé o ò ní béèrè bí wọ́n ti ń ṣe é?"

"Ìyá, ẹ lọ sinmi. Ṣebí ó ń rẹ̀ yín."

"Ó rẹ̀ mí lóòótọ́. Omi yẹn, tó bá ti gbóná..."

"Mo mọ omi, Ìyá." Ó ti kọjá lọ.

Ehoro gbé ọkọ̀ sí gbangba. Nígbà tó di ọ̀sán, omi gbóná bí omi ìwẹ̀ abiyamọ tuntun. Ewé rọ, ó so wálẹ̀ bí etí ewúrẹ́. Ehoro ní, "Ebi ló ń pa á." Ó da odindi ìkòkò oúnjẹ sí i. Oòrùn ń fa omi, omi ń lọ sílẹ̀, oúnjẹ inú rẹ̀ ń ki sí i. Ewé tún rọ. Ehoro tún da oúnjẹ sí i. Omi tútù ni ẹ̀fọ́ ń fẹ́, oúnjẹ ló ń rí. Etí ewé jó. Gbòǹgbò tó funfun tẹ́lẹ̀ di dúdú, ó ń yọ̀ bí ilá àná, ó ń rùn.

Nígbà tí ọjọ́ tó dá fún Erin kù sí dẹ̀dẹ̀, Ehoro já ewé igbó, ó kì í bọ ihò àtẹ. Ó ga lóòótọ́.

Erin dé tòun ti ìdílé rẹ̀. Ó fa ewé kan, ó yọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ehoro, gbòǹgbò rẹ̀ dà?"

"Irú tuntun ni, Bàbá. Kì í ní gbòǹgbò."

Erin ṣí àtẹ, ó ti ọwọ́jà rẹ̀ bọ inú omi. Omi jó o, òórùn gbà á nímú. Ó sín, gbogbo omi tó fà símú dà lé Ehoro lórí. Ehoro sá wọgbó. Ṣé ẹ ti rí i kó dúró láti ìgbà náà?

Erin gbé ọkọ̀ padà fún Àkèré. Àkèré bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyanrìn fọ̀ ọ́.

Erin ní, "Ìgbà wo la máa rí ẹ̀fọ́ jẹ?"

"Ó di ìgbà tó bá hù."

"Ebi ń pa mí, Àkèré."

"Ebi ń pa àwọn ọmọ mi náà, Bàbá. Ẹ bá mi pọn omi."

Erin gbé ìkòkò, ó gba ọ̀nà kànga lọ.

Ìdí àlọ́ mi rèé, mi ò fi bò. Ojúkòkòrò ni kò jẹ́ kí Ehoro gbọ́ ọ̀rọ̀ Àkèré tán, òun náà ni kò jẹ́ kí Erin bi Àkèré léèrè kó tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ṣẹ̀ ló wá ń fọ ọkọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, tí iṣẹ́ ẹnì kan bá wù yín, ẹ jókòó tì í lọ́sàn-án gangan kí ẹ tó sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n.

Ó tó. Ẹ dìde, ẹ ká ẹní.