Ọ̀nà Ọ̀sàrónkẹ́ ní Ìfàlọ́wọ́

Ẹ̀yin ọmọ Ìfàlọ́wọ́ tí ẹ ti ìdálẹ̀ bọ̀, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin àlejò tí ẹ bá wọn wá, ẹ kú àbọ̀. Ẹ súnmọ́ ara ògiri níbí, kí oòrùn má baà pa yín. Ẹsẹ̀ la ó fi rìn láti ibodè yìí títí dé etí omi, nítorí pé ọkọ̀ kì í wọ àárín ìlú àtijọ́, àti pé ẹsẹ̀ náà ni àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó fi wọ̀ ọ́. Èmi ni Ìbíyọ̀, ọmọ ilé Ọ̀sàrónkẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ, òun náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tirẹ̀.

Ibi tí a dúró sí yìí là ń pè ní Ibodè Jùúsílẹ̀. Ẹ má tíì bi mí léèrè ohun tí wọ́n jù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń sá bọ̀.

Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, ọba kan wàjà ní Ìjámọ̀, ìlú kan tó wà lókè odò. Ó fi ọmọkùnrin méjì sílẹ̀. Adégbítẹ́ ni ẹ̀gbọ́n, Adésìgbìn ni àbúrò. Àbúrò ni àwọn afọbajẹ yàn, nítorí pé inú Adégbítẹ́ a máa tètè ru, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa tètè dé idà. Nígbà tí Adégbítẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe, ó pa olórí àwọn afọbajẹ lójú gbogbo ayé, ó sì ní àbúrò òun ló kàn.

Adésìgbìn lè bá a jà. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ti ń pọ́n àdá lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ìlú náà yíká, ó rí i pé bí àwọn bá jà, kò ní sí ẹni tó máa kù tí òun yóò jọba lé lórí. Ó ní òun yóò lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kì í ní Adésìgbìn, a-fìtẹ́-sílẹ̀-kílùú-má-tú.

Kí ó tó jáde, ó lọ dágbére fún Yèyé Adéṣèwà, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ àwòrò ojúbọ àwọn ọba. Àìsàn ti dá ìyá náà dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yẹ̀.

“Adésìgbìn,” ni ó wí, “o ó rí ibi tó dára. Má dó síbẹ̀. Ibi tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí bá ti fà ọ́ lọ́wọ́, ibẹ̀ ni kí o dó sí.”

“Yèyé, bí ẹnikẹ́ni ò bá wá fà mí lọ́wọ́ ńkọ́?”

“Á jẹ́ pé o ò tíì rìn débẹ̀ nìyẹn. Dìde, ọmọ mi. Mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹṣin.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jáde tòun ti àwọn tó gbà láti bá a lọ, tọmọdé tàgbà. Akínṣọwọ́n wà lára wọn, arúgbó tó ń ru idà bàbá Adésìgbìn nígbà tí ọba náà wà láyé. Ikọ́ ti ń dà á láàmú láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ní kó dúró sílé. Ó ní ẹni tó bá ti tẹ̀lé bàbá kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ dá rìn.

Ẹ wo òkè tó dúdú lọ́hùn-ún yẹn, lẹ́yìn òpó iná mànàmáná. Orúkọ rẹ̀ ni Òkè Ìpínyà. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Omi tútù ń ṣàn níbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ lọ́ràá, ẹran ìgbẹ́ pọ̀. Àwọn ènìyàn sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n ní àwọn ti dé ilé. Adésìgbìn ní kò tíì sí ẹni tó fa òun lọ́wọ́. Wọ́n bínú. Wọ́n ní ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá arúgbó ni àwọn yóò máa tẹ̀lé títí ẹsẹ̀ àwọn yóò fi bó. Ìdajì wọn jókòó síbẹ̀, ìdajì bá ọmọba lọ. Àwọn tó lọ kò tíì rìn jìnnà nígbà tí wọ́n bojú wẹ̀yìn tí wọ́n rí èéfín lórí òkè náà. Èéfín ilé jíjó ni. Àwọn ọmọ ogun Adégbítẹ́ ti débẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún bá ọmọba jiyàn. Sísá ni wọ́n ń sá.

Sísá náà ló gbé wọn dé ibi tí ẹ dúró sí yìí. Kò sí ògiri níbí nígbà náà. Ẹrẹ̀ ni gbogbo iwájú yín, ẹrẹ̀ tó ń gbé ènìyàn mì, àti àwọn igi etí omi tí gbòǹgbò wọn yọ síta bí ìka ọwọ́. Omi ọ̀sà sì ti ń kún bọ̀. Obìnrin kan wà láàrín igi wọ̀nyẹn tó ń kó akàn nínú ìgèrè. Ọ̀sàrónkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ó rí wọn, ó nà ró.

“Ẹ dúró síbẹ̀! Kí lẹ wá ṣe?”

“Ìyá mi,” ni Adésìgbìn dáhùn, “wọ́n ń lé wa. Ẹ dákun, ẹ fi ọ̀nà hàn wá.”

“Àwọn tí mo mú wọlé kẹ́yìn náà sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ebi ń pa àwọn. Nígbà tí wọ́n dé àárín wa, wọ́n yọ idà. Wọ́n kó ọkọ mi lọ, wọ́n kó ọmọ mi ọkùnrin lọ. Ọwọ́ yìí ni mo fi mú wọn wọlé.”

Lẹ́yìn wọn, wọ́n ti ń gbọ́ tí ajá ogun ń gbó.

Ọ̀sàrónkẹ́ wo àwọn ọmọ tí wọ́n pọ̀n, ó wo àdá tó wà lọ́wọ́ àwọn baba wọn. Ó ní, “Gbogbo ohun ìjà tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ jù ú sínú ẹrẹ̀.”

Ariwo ta láàrín àwọn ọ̀dọ́. “Ọmọba, ẹ má gbà! Wọ́n ti dé ẹ̀yìn wa! Tí wọ́n bá bá wa lọ́wọ́ òfo ńkọ́?”

Adésìgbìn yọ idà bàbá rẹ̀. Kò ní ogún mìíràn láyé ju ìyẹn lọ. Ó wò ó, ó sì sọ ọ́ sínú ẹrẹ̀. Idà náà rì díẹ̀díẹ̀, èékù rẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Ni àwọn yòókù bá ń jù tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan: àdá, ọ̀kọ̀, ọfà. Akínṣọwọ́n ló jù kẹ́yìn, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tí wọ́n jù sílẹ̀ nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí ibodè yìí fi ń jẹ́ Jùúsílẹ̀.

Ọ̀sàrónkẹ́ na ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀ sí ọmọba. “Mú un. Ibi tí mo bá tẹ̀ ni kí o tẹ̀. Kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ di ìwọ náà lọ́wọ́ mú. Ẹni tó bá yà, mi ò ní padà wá yọ ọ́.”

Wọ́n ní ọmọba rántí ọ̀rọ̀ Yèyé Adéṣèwà, ó sì di ọwọ́ náà mú.

Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ rọra, òkúta ibí yìí a máa yọ̀. Ojú pópó tí a wà yìí ni Ọ̀nà Tẹ̀lémi. Ẹ ti rí i pé ó ń wọ́ kiri bí ejò, ó yà sọ́tùn-ún, ó tún yà sósì, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rí ohun tó ń yà fún. Ẹsẹ̀ Ọ̀sàrónkẹ́ ló là á. Ibi tó ti yẹra fún kòtò ẹrẹ̀ ni ọ̀nà ti yẹra. A ti fi iyẹ̀pẹ̀ dí kòtò wọ̀nyẹn láti ayé àwọn baba ńlá wa, a sì ti kọ́lé lé wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò yí padà. Ìjọba ìgbà kan fẹ́ kó gún régé. Àwọn àgbà ní kí wọ́n lọ mú ọ̀nà ilé tiwọn gún ná.

Ẹ dúró. Gbàgede kékeré yìí ni Ìta Ikọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ibí, omi ti dé ìbàdí. Àwọn ọmọ ogun ti dé etí ẹrẹ̀, wọn kò sì mọ ibi tí àwọn tí wọ́n ń lé gbà. Balógun wọn ní kí gbogbo wọn dákẹ́, kí wọ́n tẹ́tí. Ọ̀sàrónkẹ́ gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ìlà ènìyàn náà dúró láàrín igi, kò sí ẹni tó mí sókè. Akínṣọwọ́n fi ẹnu kan etí ọmọba.

“Àyà mi ò gbà á mọ́, Ọmọba. Ó fẹ́ wá.”

“Baba, ẹ fi aṣọ dí ẹnu.”

“Láti òwúrọ̀ ni mo ti fi dí i.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ kí ìlú tuntun fún mi.”

Ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò láàrín ọwọ́ méjèèjì tó dì í mú, ó sì wọ́ gba inú omi lọ sápá ibòmíràn. Ọmọba kò lè pariwo pè é. Nígbà tí arúgbó náà jìnnà tó, ó jẹ́ kí ikọ́ náà jáde. Ó wú u, ó tún wú u, ó sì ń kígbe pé, “Ọmọba, ìhín ni kí ẹ gbà! Ẹ yára!” Àwọn ọmọ ogun gba ohùn yẹn lọ. Ẹrẹ̀ gbé àwọn tó ṣíwájú mì, àwọn tó dúró láàrín igi sì ń gbọ́ igbe wọn. Ikọ́ náà ń jìnnà, ó ń jìnnà. Nígbà tó yá, wọn kò gbọ́ ọ mọ́.

Adésìgbìn yí padà láti lọ. Ọ̀sàrónkẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀ pinpin. “Bí o bá padà, o ti sọ ikú rẹ̀ di òfo.”

Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó bá gba ibí kọjá gbọ́dọ̀ dúró, kí ẹni tó dàgbà jù láàrín wọn wúkọ́, kí àwọn yòókù sì dáhùn pé, “Baba, a ti dé.” Ẹ̀yin baba tí ẹ dé fìlà pupa yẹn, ó kàn yín.

A dúpẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi.

Èyí tí ẹ̀ ń wò yìí ni Ẹ̀bádò Àtẹ́lẹwọ́. Níbí ni ilẹ̀ ti le, níbí ni àwọn ará omi, àwọn ènìyàn Ọ̀sàrónkẹ́, ń gbé. Wọ́n tú jáde pẹ̀lú ọ̀kọ̀ ìpẹja. Òun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ yí ká. Wọ́n ní, “O tún ti mú wọn wá! Èyí tó ṣẹlẹ̀ kò tíì tó ọ?” Ọkùnrin kan tí wọ́n kó ìyàwó rẹ̀ lọ lọ́jọ́sí gbé ọ̀kọ̀ lé e láyà.

Adésìgbìn bọ́ síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ nínú omi, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó gbé ọ̀kọ̀ náà wo àtẹ́lẹwọ́ wọnnì láti òpin kan dé òpin kejì. Ẹrẹ̀ nìkan ló rí. Ó sọ ọ̀kọ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Wọ́n jọ gbé láti ìgbà náà. Wọ́n pe ìlú náà ní Ìfàlọ́wọ́. Wọ́n fi Adésìgbìn jọba lórí ènìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀nà kì í ṣe tirẹ̀, ti Ọ̀sàrónkẹ́ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kù fún un, àti ìran wọn, ni títí láé. Ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò padà wá mọ́. Ọ̀sàrónkẹ́ tún mú ọ̀pọ̀ àlejò wọlé kó tó kú.

Títí dòní, ọba tí a bá yàn gbọ́dọ̀ wọlé bí àlejò, tòun ti àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, lọ́wọ́ òfo. Obìnrin ilé wa kan yóò fà á lọ́wọ́ láti ibodè, ní ẹsẹ̀ lásán. Bí wọ́n bá dé ẹ̀bádò yìí, obìnrin náà ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Títí yóò fi wí pé “Ó dé,” ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ọkùnrin náà ní Kábíyèsí, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ kán obìnrin náà lójú.

Ìyá mi ló fa ọba tó wà lórí oyè báyìí lọ́wọ́. Wọ́n débí ní ọ̀sán gangan, ìyá mi kò sọ̀rọ̀. Gbogbo ìlú dúró nínú oòrùn. Àwọn ìjòyè ń làágùn, wọ́n ń wo ara wọn, kò sí ẹni tó lè bi í léèrè. Ìgbà tó pẹ́ ni ọba bojú wẹ̀yìn, tí ó sì wo àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lọ bá ọ̀kan nínú wọn, ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó yọ ìbọn kékeré kan ní ìbàdí rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sínú ọ̀sà. Ó padà wá, ó na ọwọ́ sí ìyá mi.

Ìyá mi dì í mú. Ó ní, “Ó dé.”